Èmi Kọ́ Ni Mo Da Káún Sínú Ẹ̀rọ Amómirọ̀

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi fóònù dà sí yín létí láàárọ̀ kùtùkùtù láìtíì kí yín dáadáa. Mo kí Bàbá, mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo kí Ìyá Àgbà, mo nírètí pé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀. Mo kí Bọ̀dá Kàmọ́rù àti ìyàwó wọn. Mo kí Ràlíyá àbúrò mi, tí yóò ka ìwé yìí fún yín. Ràlíyá, jọ̀ọ́, kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Má fo ibi tó bá ń rùn.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ sí ìyá rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń gbé síta. Ṣùgbọ́n Àǹtí Bísí, tí mo ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ní Ìbàdàn, kò fi ọ̀rọ̀ mi mọ sọ́dọ̀ yín. Wọ́n sọ fún àwọn èèyàn wọn ní Òkèhò, àwọn èèyàn wọn sì sọ ọ́ dé ìdí ẹ̀rọ ìlọta. Ràlíyá ní wọ́n ti ń pè mí ní Oníkáún níbẹ̀, pé wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ òun pé ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́, ṣé ó ti fọ́ ojú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ mi ti wà níta kí n tó mú bírò. Ìdí nìyí tí mo fi ń dá a lóhùn níta.

Ẹ ti bi mí léraléra pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe nílé Àǹtí Bísí, mo sì máa ń dá yín lóhùn pé iṣẹ́ omi ni. N kò ṣàlàyé tán. Ọ̀gá, ọkọ Àǹtí Bísí, ra ọkọ̀ kan láti òkè òkun. Ó gùn bíi bọ́ọ̀sì ńlá, ṣùgbọ́n ilé ni inú rẹ̀: ibùsùn wà níbẹ̀, ibi ìdáná wà, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ wà. Ní Olúyọ̀lé tí à ń gbé, àwọn aládùúgbò ń pè é ní ilé tó ń rìn. Àwọn tó ń ya fíìmù ni Ọ̀gá ń yá a fún, kí àwọn òṣèré lè wẹ̀ kí wọ́n sì wọṣọ nínú rẹ̀. Èmi ni mò ń pọn omi sí àgbá inú rẹ̀, èmi ni mò ń fọ ilé ìwẹ̀, èmi náà ni mò ń tú omi ìdọ̀tí jáde nígbà tí ọkọ̀ bá padà sílé.

Màámi, n kò sọ fún yín rí pé iṣẹ́ náà ń kó mi nírìíra. Àwọn tí ẹ̀ ń wò nínú tẹlifísọ̀n tí ẹ̀ ń sọ pé wọ́n mà dára o, mo mọ ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀. Ìpéǹpéjú àtọwọ́dá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri bí aáyán tó kú. Irun tó dì bí eku sínú ihò omi. Àtíkè tó pò mọ́ itọ́. Ní ọjọ́ kan, ẹnì kan nu ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí mo fi ń nu síǹkì, ó tún ká a dáadáa padà síbi tó ti mú un. Mo máa ń fọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́ kí n tó jẹun, síbẹ̀ mo máa ń gbọ́ òórùn náà nínú ẹ̀bà.

Omi gan-an tún wá burú. Omi kànga ẹlẹ́rọ ilé yẹn mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ó le. Bí ẹ bá fi ọṣẹ sí i, kò ní hó; yóò kàn dì sára bí ọ̀rá ọbẹ̀ tó sùn. Ẹnu ẹ̀rọ omi inú ọkọ̀ hu èépá funfun bí orí ọmọ tó ní làpálàpá. Mo máa ń fi ọ̀bẹ ha á, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin yóò tún ti hù. Ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi tíì, ṣe ni inú rẹ̀ ń já bọ́ ní ìpẹ́pẹ́. Nígbà tó yá, èépá yẹn pa ẹ̀rọ tó ń gbóná omi ìwẹ̀, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé awọ àwọn ń yún àwọn.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá ra ẹ̀rọ kékeré kan, wọ́n sì pe Bọ̀dá Tájù, púlọ́mbà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Challenge, kí wọ́n wá so ó. Èmi ni mo di sípánà mú fún wọn. Ẹ̀rọ náà kò ju sìlíńdà gáàsì kékeré lọ, èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé e. Inú rẹ̀ kún fún hóró kéékèèké bí ẹyin ẹja. Bọ̀dá Tájù fi rọ́bà omi kan so ó mọ́ asẹ́ tó wà lẹ́nu kànga, wọ́n fi òmíràn so ó mọ́ ọkọ̀. Wọ́n fi hàn mí pé àmì ọfà wà lára rẹ̀; ibi tí ọfà dojú kọ ni omi ń gbà lọ. Wọ́n ní bí mo bá so ó sódì, gbogbo hóró yẹn ni yóò ṣí lọ sínú páìpù. Wọ́n wé téèpù funfun mọ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà róbótó sí i, wọ́n sì ní kí n má fún un pa bí ẹni ń fún adìẹ lọ́rùn, pé ọwọ́ nìkan ti tó, sípánà kàn ń parí rẹ̀ ni.

Mo bi wọ́n pé kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe. Wọ́n ní òkúta wà nínú omi, ó kéré ju ohun tí ojú lè rí, àwọn hóró yẹn ló ń gbá a mú. Wọ́n ní tó bá yá, ọwọ́ àwọn hóró á kún, wọn kò sì ní lè gbá òmíràn mú mọ́. Iyọ̀ la máa fi wẹ̀ wọ́n nígbà náà, kí wọ́n lè ju ti ọwọ́ wọn sílẹ̀. Iyọ̀ funfun lásán, tí kò ní èròjà kankan. A ó dá omi dúró, a ó ṣí ìdérí, a ó da iyọ̀ sí i, a ó dé e, a ó wá jẹ́ kí omi gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, a ó dà á nù títí iyọ̀ kò fi ní sí lẹ́nu mọ́. Pépà kékeré kan wà tí à ń rì bọ omi lẹ́yìn náà. Tó bá yí sí àwọ̀ ewéko, omi ti dára. Tó bá pupa, omi ṣì le. Bọ̀dá Tájù ló fún ẹ̀rọ náà ní orúkọ. Wọ́n ní a kò ní máa fi orúkọ òyìnbó pè é, amómirọ̀ ni yóò máa jẹ́.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo sì ń ṣe é bí mo ṣe kọ ọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọṣẹ hó nínú ilé ìwẹ̀ yẹn, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Ìfófòó náà kún ọwọ́ mi, mo sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ohun kan ṣoṣo nìyẹn tó mọ́ nínú iṣẹ́ náà, tèmi sì ni.

Nígbà yẹn, ìyá Ọ̀gá ń gbé pẹ̀lú wa. Láti ilé wọn àtijọ́ ní Òkè Àdó ni wọ́n ti mú wọn wá, nítorí náà Màmá Òkè Àdó là ń pè wọ́n. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Àwọn nìkan ló ń bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Ọwọ́ wọn kò lè dilẹ̀. Bí wọn kò bá ṣa ẹ̀wà, wọ́n á máa ká aṣọ tí wọ́n ti ká tẹ́lẹ̀. Wọ́n rí mi níbi tí mo ti ń da iyọ̀ sínú ẹ̀rọ, wọ́n bi mí pé kí nìyẹn. Mo ní amómirọ̀ ni, pé iyọ̀ la fi ń tọ́jú rẹ̀.

Màámi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní iyọ̀ kẹ̀? Pé iyọ̀ wo ló mú nǹkan rọ̀ rí láyé? Wọ́n ní kí n bu iyọ̀ sí ẹ̀wà kó tó jinná, kí n wá wò ó bí kò bá le koránkorán mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti wọlé ọkọ, káún ni àwọn mọ̀ tó ń mú nǹkan rọ̀: káún ló ń mú ẹ̀wà rọ̀, káún ló ń mú ilá yọ̀. Mo ní Màmá, rọ̀ ti omi yàtọ̀ sí rọ̀ ti ẹ̀wà. Wọ́n ní rọ̀ wo ló tún wà lẹ́yìn rọ̀? Wọ́n ní ilé ìwé ti ba ọpọlọ àwa ọmọ ìsinsìnyí jẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ní ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, mo ti dá omi dúró, mo ti ṣí ìdérí, mo ti wọn iyọ̀ sínú abọ́, kí n tó rí i pé rọ́bà róbótó inú rẹ̀ ti ya. Mo sáré lọ sí Dùgbẹ̀ lọ ra òmíràn. N kò dé ẹ̀rọ náà padà kí n tó lọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, n kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo dé, Màmá Òkè Àdó jókòó ní ẹnu ọ̀nà, inú wọn dùn. Wọ́n ní kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu, àwọn ti bá mi ṣe é. Mo wo abọ́ iyọ̀, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo kúnlẹ̀ pàápàá. N kò mọ̀ pé wọ́n ti da iyọ̀ náà padà sínú ike rẹ̀ ní kíṣìnnì, pé káún tí wọ́n gún ni wọ́n dà sínú ẹ̀rọ.

Ohun tó funfun nínú rẹ̀, iyọ̀ ni mo pè é. Mo fi rọ́bà tuntun sí i, mo ṣí omi, kó máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀gá jáde, wọ́n ní àwọn onífíìmù ti ń dúró ní Bódìjà, kí n kọ ojú omi sínú ọkọ̀ kíá. Mo ní n kò tíì tọ́ ọ wò, n kò sì tíì ri pépà bọ̀ ọ́. Wọ́n béèrè pé ṣé ọbẹ̀ ni mò ń sè ni, tí mo fẹ́ tọ́ ọ wò? Wọ́n ní omi ni omi. Mo kọ ojú omi sínú ọkọ̀.

Òṣèré tó kọ́kọ́ wọlé wẹ̀ ní Bódìjà, obìnrin àgbàlagbà ni, ó tó yín lọ́jọ́ orí. Wọ́n fẹ́ fọ irun wọn. Láìpẹ́ mo gbọ́ ariwo. Bí mo ti ṣílẹ̀kùn, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi, bí ìkòkò ẹ̀wà tí wọ́n gbàgbé fún ọjọ́ méjì. Omi tó ń jáde pọ́n, ó sì ń yọ̀ bí ikun ìgbín. Ilẹ̀ kò ṣeé tẹ̀. Irun wọn ti lẹ̀ pọ̀ di òṣùṣù kan lórí wọn, ojú wọn sì pupa bí ata. Wọ́n ń kígbe pé ta ló rán wa sí àwọn, pé èwo nínú àwọn ọ̀rẹ́ àwọn ló fún wa lówó kí a fọ́ ojú àwọn. Mo já omi inú ọ̀rá, mo ń dà á sí wọn lójú, mo ń já òmíràn. Ẹsẹ̀ mi wà nínú omi yẹn ní gbogbo ìgbà náà, omi kò lè lọ nítorí ihò ti dí. Mo ti ọwọ́ bọ ihò náà. Ohun tí mo fà jáde jọ ẹ̀kọ tí wọ́n fi eérú pò, irun sì wà nínú rẹ̀. Mo gbé e sínú ike, mo jáde, mo bì sẹ́yìn ọkọ̀.

Dókítà wo ojú wọn ní Ring Road, ó ní kò fọ́, pé yóò kàn ta wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Nígbà tí a padà dé Olúyọ̀lé, mo tú ẹ̀rọ náà níwájú gbogbo wọn. Àwọn hóró yẹn ti lẹ̀ mọ́ra, ẹrẹ̀ funfun ti bò wọ́n. Èkúfọ́ káún kan tí kò tíì yọ́ wà lórí wọn. Màmá Òkè Àdó sún mọ́ ọn, wọ́n mú un, wọ́n wò ó. Wọ́n pe Ọ̀gá lórúkọ, wọ́n ní Bàdéjọ, káún mi nìyí. Wọ́n ní èmi ni mo fi sí i o, mo fẹ́ ran ọmọ yìí lọ́wọ́ ni. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí.

Ọ̀gá kò wo ojú ìyá wọn. Wọ́n kàn ní Màmá, ẹ wọlé. Màmá tún sọ ọ́. Ọ̀gá ní mo ní ẹ wọlé. Àǹtí Bísí di ọwọ́ wọn mú, wọ́n mú wọn wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Kí ilẹ̀kùn náà tó dákẹ́, Ọ̀gá ti pe òṣèré yẹn lórí fóònù. Mo dúró níbẹ̀, ike ìdọ̀tí wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọdébìnrin kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá láti oko ni, kò mọ nǹkan kan, ó lọ da káún tí wọ́n fi ń se ẹ̀wà lábúlé wọn sínú ẹ̀rọ. Wọn kò rẹ ohùn wọn sílẹ̀ nítorí mi. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbi tí wọ́n ti dárúkọ ẹ̀wà.

Màámi, ohun tí mo fà jáde nínú ihò yẹn kò rí mi lára tó ẹ̀rín yẹn. Ọṣẹ wà fún tàkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá mú mi lọ bẹ òṣèré náà. Mo kúnlẹ̀ nítorí àgbà ni wọ́n. Mo ní ẹ má bínú fún ojú yín tó ta yín, ẹ má bínú pé mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láìdé. Ọ̀gá ní kí n máa bá a lọ, kí n sọ èyí tó kù. Mo ní ibi tí tèmi parí sí nìyẹn, sà. Òṣèré náà wo Ọ̀gá, wọ́n tún wò mí, wọ́n ní ta wá ni? N kò dárúkọ Màmá. Mo kàn ní ẹni tó ṣe é kò ní inú búburú, ó sì ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ nílé. Wọ́n pòṣé, wọ́n ní kí Ọ̀gá gbé ọkọ̀ wọn kúrò níwájú àwọn. A kò tíì dé Challenge tí Ọ̀gá fi ní kí n lọ kó ẹrù mi.

Màmá Òkè Àdó tẹ̀ lé mi dé géètì. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. N kò bínú sí wọn. Ẹni tó ṣe àṣìṣe tó sì fẹ́ jẹ́wọ́ ni wọ́n tì mọ́lé.

Mo wà ní Agbówó báyìí, lọ́dọ̀ Fúnmi tí a jọ kàwé. Yàrá náà kéré, òjò sì ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé, ṣùgbọ́n èmi àti òun nìkan la ń lo omi wa. Bọ̀dá Tájù gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé èmi kọ́, nítorí èmi ni mo máa ń bá àwọn jà pé kí a ri pépà bọ omi ná. Wọ́n ti mú mi lọ sí ilé kan ní Bódìjà tí wọ́n so irú ẹ̀rọ yẹn sí, kí n máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Owó rẹ̀ kò tíì tó jẹun, nítorí náà ẹ má retí nǹkan lọ́wọ́ mi lóṣù yìí. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Fúnmi bá lọ síbi iṣẹ́, yàrá náà máa ń dákẹ́ jù, mo sì máa ń fẹ́ gbọ́ ohùn yín.

Ìgbà tí mo wá gbọ́ ọ lórí fóònù, ẹkún ni. Ẹ ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n, bóyá mo ṣe é tàbí n kò ṣe é. Ẹ ní èèyàn ńlá ni wọ́n, pé ẹ kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ba àárín ẹ̀yin àti àwọn ìdílé Àǹtí Bísí jẹ́. Ẹ ní ẹ ó wá sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó gbé iṣu àti adìẹ lọ́wọ́, ẹ ó sì kúnlẹ̀ fún Ọ̀gá nítorí tèmi.

Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣì nílò kù sí ẹnì kan: kí ìyá mi gbà pé èmi ni. Wọ́n gbìyànjú lẹ́nu mi, kò jáde. Tí ẹ bá gbé orúnkún sílẹ̀ nínú pálọ̀ yẹn, ẹ ti bá mi jẹ́wọ́, kò sì sí ẹni tí yóò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́ láti Olúyọ̀lé dé Òkèhò, títí kan èmi fúnra mi.

Tí ẹ bá fẹ́ wá, ẹ máa bọ̀. Ẹ sọ̀ ní Agbówó, n ó dúró dè yín. Tó bá sì wù yín láti dé Olúyọ̀lé, ẹ béèrè Màmá Òkè Àdó, ẹ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n sọ fún yín fúnra wọn ohun tí Ọ̀gá kò jẹ́ kí wọ́n sọ. Tí Ọ̀gá bá ní kí wọ́n wọlé, ẹ tẹ̀ lé wọn wọlé.

Kí Ọlọ́run fún Bàbá ní àlàáfíà, kó fi okun sí orúnkún Ìyá Àgbà, kó má jẹ́ kí ojú tì yín nítorí mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Ẹ kí àwọn ará ìdí ẹ̀rọ ìlọta náà, kí Ràlíyá ka èyí fún wọn kó sì rọra kà á.

Èmi ni ọmọ yín,
Múìbátù